Orí Keje: Kiloríìnì àti Àrùn Inú Ilẹ̀ Tó Ń Pa Igi Eléso

Ohun tí a retí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́

Nígbà tí o bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí o lè:

1. dá àmì àrùn ìdí igi mọ̀ lára ọsàn àti àwọn igi eléso mìíràn;
2. ṣàlàyé bí kiloríìnì ṣe ń pa kòkòrò àrùn, àti ohun tó ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀;
3. ṣírò iye bílíìṣì tó yẹ fún irinṣẹ́, omi àti kóró èso;
4. sọ ìdí tí a kì í fi í da bílíìṣì sí ìdí igi tó ń ṣàìsàn, àti ohun tí a máa ń ṣe dípò rẹ̀.

7.1 Àrùn tó ń ti ìdí pa igi

Láti Agbamu títí dé Èsìẹ́ àti Òmù-Àrán, igi eléso wà níbi gbogbo ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ọsàn mímu wà lẹ́yìnkùlé, máńgòrò wà lójúde, kájú wà lóko, ìbẹ́pẹ sì ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Igi ọsàn tí bàbá gbìn lè bọ́ ọmọ, kó tún bọ́ ọmọ-ọmọ. Ìdí nìyí tí ikú igi eléso fi máa ń dun àgbẹ̀ ju ikú àgbàdo lọ. Àgbàdo kò ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún tí igi ti lò kò ṣeé rà padà.

Púpọ̀ nínú àwọn igi tó ń kú bẹ́ẹ̀, ìdí ni àrùn ti mú wọn. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Igbe lágbègbè yìí, ó sì máa ń lọ títí di oṣù Ọ̀wàrà. Láàárín àkókò yìí, níbikíbi tí omi bá ti dárogún sí ìdí igi, àwọn àrùn inú ilẹ̀ máa ń rí àyè gbilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ igi ọsàn kan wò. Ewé rẹ̀ ń pọ́n, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ kan, iṣan àárín ewé ló sì kọ́kọ́ ń pọ́n. Àwọn ẹ̀ka òkè ń gbẹ láti orí wá sísàlẹ̀. Ó so púpọ̀, àmọ́ àwọn èso náà kéré. Òkè ni ojú àgbẹ̀ máa ń wà, ṣùgbọ́n ìdí ni ọ̀rọ̀ wà. Kúnlẹ̀, fi ọwọ́ kó erùpẹ̀ àti ewé gbígbẹ kúrò ní ìdí igi náà. Wàá rí oje tó ń sun jáde lára èèpo, tó ti gan mọ́ ọn bíi gọ́ọ̀mù. Fi ọ̀bẹ ha èèpo ibẹ̀ díẹ̀. Inú èèpo tó yè máa ń funfun, ó sì máa ń tutù. Ti èyí tó ń ṣàìsàn ti di pupa dúdú. Máa ha á lọ títí wàá fi dé ibi tí pupa àti funfun ti pàdé. Ààlà yẹn ni ibi tí àrùn náà rìn dé lọ́jọ́ náà. Tí pupa yẹn bá ti yí ìdí igi po, igi náà kò ní pẹ́ kú, nítorí inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé sè ń gbà lọ sí gbòǹgbò. Tí ọ̀nà bá dí, ebi á pa gbòǹgbò.

Ohun tó ń fa àrùn yìí ni *Phytophthora*. Látijọ́, àwọn onímọ̀ kà á mọ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìyẹn ìdílé olu àti èyí tó ń mú kí búrẹ́dì bu. Lónìí wọ́n ti yà á sọ́tọ̀, nítorí ó bá àwọn ewédò kan tan ju olu lọ. Ṣùgbọ́n nínú oko, àrùn tirẹ̀ àti ti fọ́ńgọ́ọ̀sì jọra, ọ̀nà tí à ń gbà dènà wọn sì sún mọ́ra, nítorí náà a ó jọ sọ̀rọ̀ wọn pọ̀. Ohun tó mú *Phytophthora* léwu ni pé ó ní irúgbìn tó ní ìrù, tí ojú lásán kò lè rí, tó sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi inú ilẹ̀ títí yóò fi bá gbòǹgbò. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ilẹ̀ àkùrọ̀ fi máa ń yọ ọsàn lẹ́nu.

Àwọn mìíràn tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ nìwọ̀nyí:

- *Pythium*: ó máa ń mú kí ọmọ ìbẹ́pẹ àti ọmọ ọsàn rọ ní ọrùn, kí wọ́n sì ṣubú lulẹ̀ nínú nọ́sìrì.
- *Fusarium*: ọ̀kan nínú wọn ló ń fa àrùn Panama tó ń mú kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ. Irúgbìn rẹ̀ tó ní èèpo líle lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láìsí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀.
- *Rigidoporus*: ó máa ń bo gbòǹgbò igi bí òwú funfun, ó sì máa ń rìn láti ara kùkùté tó ti kú lọ sára igi tó yè. Àwọn tó ń gbin igi rọ́bà mọ̀ ọ́n dáadáa.

Àwọn àrùn yìí kò ní ẹsẹ̀. Àwa ni à ń gbé wọn kiri: nínú erùpẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọkọ́, nínú ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ bàtà, nínú náílọ́ọ̀nù dúdú tí a gbin ọmọ ọsàn sí, nínú omi odò tí a fi ń bomi rin nọ́sìrì, àti lẹ́nu ọ̀bẹ tí a fi ń lọ́ igi. Ní erékùṣù Azores, tó jẹ́ ti Pọ́túgàl, àrùn ìdí ọsàn yìí bẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1834, ó sì run ọ̀pọ̀ oko ọsàn. Lẹ́yìn náà ó jà ní àwọn ilẹ̀ tó yí òkun Mẹditaréníà ká. Ohun tó gba àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ là ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọsàn mímu mọ́ orí igi tí ìdí rẹ̀ lè dojú kọ àrùn náà. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí ní 7.6.

7.2 Kí ni kiloríìnì?

Carl Wilhelm Scheele ló kọ́kọ́ yọ kiloríìnì jáde, ní orílẹ̀-èdè Swídìn lọ́dún 1774. Afẹ́fẹ́ ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó ń pọ́n, òórùn rẹ̀ sì ń ta ènìyàn nímú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ó ń sọ aṣọ di funfun. Lọ́dún 1847, dókítà kan ní ilé ìwòsàn Vienna, Ignaz Semmelweis, ní kí àwọn dókítà máa fi omi olókiloríìnì fọ ọwọ́ kí wọ́n tó gbẹ̀bí, ikú àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun sì dínkù gan-an. Lọ́dún 1908, ìlú Jersey City ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú omi ẹ̀rọ lójoojúmọ́. Láti ìgbà náà ló ti di ohun tí ayé fi ń pa kòkòrò inú omi.

Oríṣi mẹ́ta ni àgbẹ̀ lè rí rà:

- *Bílíìṣì olómi*, ìyẹn sodium hypochlorite. Èyí ni àwọn obìnrin wa fi ń fọ aṣọ funfun, tí wọ́n ń tà ní ọjà lórúkọ JIK tàbí Hypo. Èyí tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà máa ń jẹ́ 3.5%, ṣùgbọ́n ka ara ike rẹ̀ kí o tó ṣírò.
- *Ìyẹ̀fun calcium hypochlorite*, tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé omi ń pè ní HTH. Agbára rẹ̀ máa ń tó 65% sí 70%.
- *Tábúlẹ́ẹ̀tì* tí wọ́n ń jù sínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Agbára rẹ̀ lè tó 90%, ó sì máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀.

Tí bílíìṣì bá bọ́ sínú omi, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí:

NaOCl + H₂O ⇌ HOCl + NaOH

HOCl ni òṣìṣẹ́ gidi. Ó kéré, kò sì ní agbára iná lára, nítorí náà ó máa ń wọ inú kòkòrò àrùn wẹ́rẹ́. Tó bá wọlé, á ba àwọn purotéènì tó ń gbé ẹ̀mí kòkòrò náà ró jẹ́, pàápàá àwọn tó ní súfúrù nínú. Oògùn tó ń mú ibì kan ṣoṣo lára kòkòrò, kòkòrò lè bí ọmọ tí oògùn náà kò ràn. Ọ̀pọ̀ ibi lẹ́ẹ̀kan náà ni kiloríìnì ń bà jẹ́, nítorí náà ó ṣòro fún kòkòrò láti mọ́ra sí i. Ṣùgbọ́n bí kò ṣe mọ kòkòrò kan yàtọ̀ sí èkejì yìí náà ni kò ṣe mọ kòkòrò yàtọ̀ sí ewé, gbòǹgbò tàbí àwọ̀ ara ènìyàn. Ohunkóhun tó bá bá pàdé ló ń jà mọ́.

7.3 Ohun tó ń gba agbára lọ́wọ́ kiloríìnì

*Ìwọ̀n pH omi.* Tí pH omi bá jẹ́ 6.5, nǹkan bí 90% kiloríìnì inú rẹ̀ ló wà gẹ́gẹ́ bí HOCl. Tó bá jẹ́ 7.5, ìdajì ló kù. Tó bá gòkè dé 8.5, kò ju nǹkan bí 10% lọ. Ìyókù ti di OCl⁻, tí agbára rẹ̀ kéré gan-an sí ti HOCl. Ṣùgbọ́n má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ohun kíkan mìíràn sí bílíìṣì kó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Tí omi bá kan jù, afẹ́fẹ́ kiloríìnì á tú jáde, á sì lè pa ènìyàn.

*Ìdọ̀tí.* Erùpẹ̀, ewé jíjẹrà, ìgbẹ́ ẹran àti oje igi ń jẹ kiloríìnì tán kó tó kan kòkòrò. Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú orí yìí, òun sì ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù.

*Oòrùn, ooru àti ọjọ́.* Bílíìṣì tó wà nínú oòrùn máa ń di omi iyọ̀ lásán. Ibi òkùnkùn tó tutù ni kí o tọ́jú rẹ̀ sí, nínú ike tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá. Èyí tí o bá pò pọ̀ mọ́ omi lónìí, má lò ó lọ́la.

7.4 Ibi tí kiloríìnì ti wúlò lọ́wọ́ àgbẹ̀

Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ni kiloríìnì jẹ́ fún oko igi eléso. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má jẹ́ kí àrùn wọlé. Ẹnubodè mẹ́rin ló wà.

*Irinṣẹ́.* Àdá, ọkọ́, ọ̀bẹ ìlọ́gi àti àlùmọ́gàjí ìgẹ̀ka nílò omi bílíìṣì tó jẹ́ 0.5%. Kọ́kọ́ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ erùpẹ̀ àti oje kúrò. Lẹ́yìn náà, rì í sínú omi bílíìṣì fún ìṣẹ́jú 10, fi omi tó mọ́ ṣàn án, nù ún gbẹ, kí o sì fi òróró díẹ̀ pa á, nítorí bílíìṣì máa ń mú kí irin dípẹtà.

> Àpẹẹrẹ 1. Bílíìṣì rẹ jẹ́ 3.5%, o sì fẹ́ 0.5%.
> 3.5 ÷ 0.5 = 7. Ìyẹn ni pé ife bílíìṣì kan nínú ife méje lápapọ̀: *ife bílíìṣì 1, ife omi 6.*
> Àwọn ìwé òkè òkun máa ń sọ pé 1 sí 9. Bílíìṣì tiwọn tó 5% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí o bá tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú bílíìṣì 3.5%, 0.35% ni wàá rí.

Ẹni tó ń lọ́ ọsàn kò lè dúró fún ìṣẹ́jú 10 lórí igi kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ó ní ọ̀bẹ méjì tàbí mẹ́ta: bó ṣe ń lo ọ̀kan, ìyókù á wà nínú omi bílíìṣì. Ṣùgbọ́n kó ṣan ọ̀bẹ kó tó fi kan igi, kí bílíìṣì má ba jó ojú ẹ̀ka tó fẹ́ lọ́.

*Kóró èso.* Wẹ ara rẹ̀ dáadáa kó má ṣe ní èso tó lẹ̀ mọ́ ọn. Rẹ ẹ́ sínú omi bílíìṣì 0.5% fún ìṣẹ́jú 10, kí o sì fi omi tó mọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí ń pa ohun tó wà lára èèpo nìkan. Fún *Phytophthora* tó wọ inú kóró ọsàn, omi gbígbóná tó wà ní 52°C fún ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn ooru lọ́wọ́. Tí ooru bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kóró náà á kú.

*Ike, náílọ́ọ̀nù àti àtíbàbà nọ́sìrì.* Náílọ́ọ̀nù dúdú tí a ti lò rí, kí a fọ̀ ọ́ kúrò nínú erùpẹ̀ ká tó rì í sínú omi bílíìṣì. Tábìlì tí a tò wọ́n lé náà, kí a nù ún. Ọmọ igi tó ti kú nínú náílọ́ọ̀nù, ká kó òun àti erùpẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí nọ́sìrì. Ká má ṣe dà á sínú èyí tí a fẹ́ tún lò.

*Omi.* Omi bòrúhóòlù kì í sábà ní àrùn igi. Omi odò àti ti adágún ló léwu, nítorí ó ti ṣàn kọjá nínú oko àwọn ẹlòmíràn. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé kiloríìnì mílígíráàmù 2 nínú lítà omi kan, tí a bá wọ̀n ní ẹnu rọ́bà tí omi ti ń jáde, ń pa irúgbìn *Phytophthora* tó ń lúwẹ̀ẹ́. *Fusarium* nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí irúgbìn rẹ̀ le ju èyí tó ní ìrù lọ.

> Àpẹẹrẹ 2. Táńkì lítà 1,000 ni, omi rẹ̀ mọ́ kedere, bílíìṣì rẹ sì jẹ́ 3.5% (nǹkan bí mílígíráàmù 35 nínú mílílítà kan).
> Kiloríìnì tí a nílò: 1,000 × 2 = mílígíráàmù 2,000.
> Bílíìṣì: 2,000 ÷ 35 = *nǹkan bí mílílítà 57.*
> Fún dúrọ́ọ̀mù lítà 200, ó jẹ́ nǹkan bí mílílítà 11, ìyẹn ṣíbí ìmutíì méjì pẹ̀lú díẹ̀.

Omi odò kì í mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á sì kọ́kọ́ jẹ nínú kiloríìnì náà. Nítorí náà, jẹ́ kí omi náà tòrò, fi aṣọ sẹ́ ẹ, fi bílíìṣì sí i, ru ú, kí o sì dúró fún ìṣẹ́jú 30. Lẹ́yìn náà, fi bébà ìdánwò tí wọ́n ń lò ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ wọ̀n ọ́n. Tó bá kéré sí 2, fi díẹ̀ kún un. Má jẹ́ kó ju 2 lọ púpọ̀, kí ewé tútù má ba jó.

Àwọn kan máa ń gbé agbada omi bílíìṣì sí ẹnu ọ̀nà nọ́sìrì kí àlejò ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó dára, bí wọ́n bá ń ha ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ bàtà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Tí omi inú agbada náà bá ti di ẹrẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́.

7.5 Ìdí tí a kì í fi í da bílíìṣì sí ìdí igi

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn tí àgbà kan kò ní bi ní ìbéèrè yìí lọ́jọ́ kan:

"Ọmọ mi, tí mo bá da Hypo yìí sí ìdí ọsàn mi, ṣé kò ní yè?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á. Igi yín ni yóò mu ún, àrùn náà á sì wà níbẹ̀."

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìṣirò ti ìdáhùn yìí lẹ́yìn.

> Àpẹẹrẹ 3. Ká sọ pé igi ọsàn kan na ẹ̀ka rẹ̀ mítà 3 sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ jẹ́ 3.14 × 3 × 3, nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 28. Erùpẹ̀ inú mítà onígun mẹ́rin kan, tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 200.
> Ká tún sọ pé kìlógíráàmù erùpẹ̀ kan ń jẹ gíráàmù kiloríìnì kan ṣoṣo kó tó kù sílẹ̀ fún àrùn.
> Kiloríìnì fún mítà onígun mẹ́rin kan: gíráàmù 200. Lítà bílíìṣì kan ní nǹkan bí gíráàmù 35: 200 ÷ 35 = lítà 5.7.
> Fún gbogbo abẹ́ igi: 28 × 5.7 = *nǹkan bí lítà 160*, kí ẹyọ kan tó kù fún àrùn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà tún burú jù. Lítà bílíìṣì 3.5% kan, nígbà tó bá ti jà tán, ó kéré tán gíráàmù 27 iyọ̀ ni yóò fi sílẹ̀. Lítà 160 á fi iyọ̀ tó ju kìlógíráàmù 4 lọ sí ìdí igi kan. Ọsàn sì wà lára àwọn igi tí iyọ̀ ń yára pa: etí ewé rẹ̀ á gbẹ, ewé á já, gbòǹgbò kéékèèké tí àrùn kò tíì jẹ á kú.

Ìdí kẹta wà. Kì í ṣe ọ̀tá nìkan ló ń gbé inú ilẹ̀. Àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì kan wà, bíi *Trichoderma*, tó ń jẹ àwọn tó ń fa àrùn. Àwọn mìíràn so mọ́ gbòǹgbò, wọ́n sì ń bá a wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Bí bílíìṣì bá tilẹ̀ pa ohun tó wà lókè ilẹ̀, ẹgbẹ́ rere ni yóò kọ́kọ́ pa, nígbà tí irúgbìn líle tó wà nínú gbòǹgbò jíjẹrà á wà láàyè. Ilẹ̀ tó ṣófo bẹ́ẹ̀, àrùn ni yóò kọ́kọ́ padà gbà á.

7.6 Ohun tó yẹ ká ṣe dípò rẹ̀

*Fún igi tó ti ń ṣàìsàn.* Kó erùpẹ̀ kúrò ní ìdí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè dé ibi tí èèpo ti jẹrà. La ojú omi kúrò níbẹ̀. Gé èèpo jíjẹrà kúrò títí dé ibi funfun, kí o sì fi àpòpọ̀ bàbà àti ẹfun kun ojú egbò náà. Oògùn yìí, tí àwọn ará ìlú Bordeaux ní Faransé ti ń lò sára igi gíréèpù láti ọdún 1885, ṣì wúlò títí dòní. Oògùn metalaxyl, tí àwọn olóko kòkó mọ̀ sí Ridomil nítorí àrùn tó ń mú kí kòkó dúdú, ń ṣiṣẹ́ lórí *Phytophthora* nítorí ẹbí kan náà ni òun àti ohun tó ń fa àrùn kòkó yẹn. Kì í ṣiṣẹ́ lórí *Fusarium*. Èyí tó ní nọ́ḿbà NAFDAC nìkan ni kí o rà, kí o sì tẹ̀ lé ohun tó wà lára páálí rẹ̀. Igi tí àrùn ti yí ìdí rẹ̀ po, kí a hú u tòun ti gbòǹgbò, ká sun ún. Ká má sì gbin ọsàn mìíràn sínú ihò náà.

*Fún ilẹ̀ nọ́sìrì.* Oòrùn oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà ní ilẹ̀ Ìgbómìnà jẹ́ oògùn ọ̀fẹ́. Tẹ́ ilẹ̀ náà dọ́gba, bomi rin ín, fi náílọ́ọ̀nù tí ìmọ́lẹ̀ lè là kọjá bò ó, kí o sì fi erùpẹ̀ di gbogbo etí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Jaakov Katan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì ló fi ọ̀nà yìí han ayé lọ́dún 1976. Fún erùpẹ̀ díẹ̀, sè é nínú dúrọ́ọ̀mù lórí iná. Tí gbogbo rẹ̀ bá dé 60°C, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, púpọ̀ nínú àwọn tó ń fa àrùn á kú, àwọn ẹgbẹ́ rere kan á sì yè. Sísè é kọjá bẹ́ẹ̀ kò dára.

*Fún oko tuntun.* Ibi tí omi kì í dúró sí ni kí o yàn. Gbin igi sórí ebè gíga. Má ṣe wa erùpẹ̀ tàbí ìgbẹ́ ẹran mọ́ èèpo igi. Ọmọ igi tí a lọ́ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sókè ilẹ̀ sàn ju èyí tí a lọ́ nísàlẹ̀, nítorí omi òjò tó ń ta sí i kò ní kan ibi ọsàn mímu, tó jẹ́ ibi tí àrùn ń wá.

Ọ̀rọ̀ igi tí a ń lọ́ ọsàn mọ́ gba òye. Ọsàn jàgànyìn, ọsàn kíkan yẹn, lè dojú kọ *Phytophthora* dáadáa, òun sì ló gba àwọn olóko ilẹ̀ Mẹditaréníà là. Ṣùgbọ́n ọsàn mímu tí a lọ́ mọ́ ọn máa ń kú tí àrùn tristeza bá mú un, àrùn tí kòkòrò kéékèèké tó ń fa oje ewé ń gbé kiri, tó sì wà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láti àwọn ọdún 1930 síwájú, ó pa ọ̀kẹ́ àìmọye igi ní Ajẹntínà àti Bùràsíìlì. Nítorí náà ni àwọn nọ́sìrì wa ṣe ń lo lẹ́mọ́ọ̀nù onígbágungbàgun tàbí ọsàn Cleopatra. Lẹ́mọ́ọ̀nù ń fara da tristeza, ṣùgbọ́n àrùn ìdí lè mú un. Cleopatra sàn jù ú lọ ní ìdí. Kò sí igi tó ní gbogbo rẹ̀. Ìmọ́tótó nọ́sìrì ló ń dí àlàfo tí igi fi sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí NIHORT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1975 fún èso àti ewébẹ̀, ni ibi tó yẹ láti béèrè nípa ọmọ igi tó dára. Fún àwọn tó wà ní Agbamu, Yunifásítì Landmark ní Òmù-Àrán, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011 tó sì gbé iṣẹ́ àgbẹ̀ lárugẹ, wà nítòsí.

7.7 Ìkìlọ̀

Ní ọjọ́ 22 oṣù Igbe ọdún 1915, afẹ́fẹ́ kiloríìnì ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ sórí ọ̀tá wọn ní Ypres, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù. Afẹ́fẹ́ kan náà ló lè tú jáde nínú korobá rẹ tí o bá ṣe àṣìṣe. Nítorí náà:

- Má po bílíìṣì mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́, ọtí kíkan tàbí omi bátìrì.
- Má pò ó mọ́ yúríà, ìtọ̀, ìgbẹ́ adìyẹ tàbí oògùn oko kankan.
- Wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Ìta gbangba ni kí o ti pò ó.
- Omi ni kí o kọ́kọ́ bù, kí o tó da bílíìṣì sí i.
- Má rọ ọ́ sínú ìgò omi mímu tàbí ti mínírà. Ọmọdé á mu ún.
- Tó bá ta sí ojú, fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, kí o sì lọ sí ilé ìwòsàn.
- Má da àjẹkù rẹ̀ sínú odò. Ó ń pa ẹja.

7.8 Iṣẹ́ àṣedánwò: ta ló jẹ kiloríìnì?

*Ohun tí a nílò:* ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò méjì tó gba ju lítà kan lọ, omi bòrúhóòlù, bílíìṣì 3.5%, ẹ̀kúnwọ́ méjì erùpẹ̀ dúdú láti abẹ́ igi ọsàn, yíǹkì búlúù, aṣọ funfun fún sísẹ́, ìbọ̀wọ́.

*Ìgbésẹ̀:*

1. Bu lítà omi kan sínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Kọ A sára ọ̀kan, kọ B sára èkejì.
2. Fi mílílítà 2 bílíìṣì sínú kọ̀ọ̀kan, kí o sì rú u.
3. Da erùpẹ̀ sínú B nìkan. Rú u, kí o sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Rú A náà lákòókò kan náà.
4. Fi aṣọ sẹ́ omi B títí yóò fi mọ́ díẹ̀. Sẹ́ omi A náà, kí ìdánwò lè dọ́gba.
5. Kán yíǹkì mẹ́ta sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dúró fún ìṣẹ́jú 10.

*Àkíyèsí:* Kọ àwọ̀ tí o rí nínú A àti B sílẹ̀. Kiloríìnì tó bá ṣẹ́kù nìkan ló lè mú kí búlúù náà ṣí. Tún un ṣe pẹ̀lú yanrìn odò tí a ti fọ̀ dípò erùpẹ̀ dúdú, kí o sì fi àbájáde méjèèjì wé ara wọn.

Àkópọ̀

Àrùn inú ilẹ̀ bíi *Phytophthora*, *Pythium* àti *Fusarium* ń ti ìdí pa igi eléso, ọwọ́ ènìyàn àti omi ló sì ń gbé wọn kiri jù. Kiloríìnì ń pa wọn lára irinṣẹ́ tó mọ́, lára kóró, lára ike àti nínú omi tó tòrò. Nínú erùpẹ̀, ìdọ̀tí á jẹ ẹ́ tán, iyọ̀ rẹ̀ á sì ba igi jẹ́. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó: àgbẹ̀ tó bá fi bílíìṣì ìwọ̀nba ṣọ́ nọ́sìrì rẹ̀ lónìí kò ní wá lítà 160 kiri lọ́la fún igi kan tí kò ní yè.

Ìbéèrè

1. Dárúkọ àmì mẹ́ta tí wàá fi mọ̀ pé àrùn ìdí ti mú igi ọsàn, kí o sì sọ bí wàá ṣe mọ ibi tí àrùn náà rìn dé.
2. Bílíìṣì kan jẹ́ 5%. Ife omi mélòó ni wàá fi kún ife kan rẹ̀ kó lè di 0.5%?
3. Nọ́sìrì kan ní Agbamu ní táńkì lítà 2,500. Mílílítà bílíìṣì 3.5% mélòó ni yóò mú omi tó mọ́ nínú rẹ̀ dé mílígíráàmù 2 nínú lítà kan?
4. pH omi kànga kan jẹ́ 8.5. Ṣàlàyé ohun tí èyí máa ṣe sí iṣẹ́ bílíìṣì, kí o sì sọ ìdí tí kò fi yẹ kí àgbẹ̀ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀.
5. Kọ lẹ́tà kúkúrú sí àgbà kan ládùúgbò rẹ tó fẹ́ da bílíìṣì sí ìdí ọsàn rẹ̀. Fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ, kí o sì fi ohun mẹ́ta hàn án tó lè ṣe dípò rẹ̀.
6. Kí ló dé tí ọsàn jàgànyìn, tí *Phytophthora* kì í tètè mú, kò fi jẹ́ àyànfẹ́ fún lílọ́ ọsàn mímu ní Nàìjíríà?